Ọ̀gá Mi Ní Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Mi Kò Tíì Rẹlẹ̀ Tó

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń kó yànmọ̀tí lọ sókè òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, l'Apápá níbí. Kọ̀ntéénà kan tó yẹ ká fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wa kan ní Japan fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún pẹ́ kó tó wọkọ̀. Ó tún ku ọ̀kan: àpò 380 la kọ sínú bill of lading, ìwé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń fúnni, àpò 374 ló wà nínú kọ̀ntéénà. Wọ́n kọ̀wé sí wa pé àwọn ń retí lẹ́tà, pé ká kọ́kọ́ fi fáàsì ránṣẹ́, kí ojúlówó máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́, mo sì fi ti ìkẹta mọ́ ìwé yìí kí ẹ bá mi wò ó. Ọ̀gá mi ní kò tíì rẹlẹ̀ tó, pé kí n túbọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ní kí n má ṣe kọ ọ́ síbì kankan pé àwa la jẹ̀bi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àti pé fáàsì wo ló kù l'Ékòó lóde òní?"

Ọmọ mi, o kú ìdààmú. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé àárín ẹni méjì lo dúró sí: ẹnì kan ní kó o dọ̀bálẹ̀ sí i, ẹnì kejì ní kó o má tẹ̀ ba rárá. Ohun tó jẹ kálukú wọn lógún kì í ṣe kékeré. Ọ̀gá rẹ ń bẹ̀rù kí oníbàárà má lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ̀rù kóòtù. Ẹni tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì bi léèrè ni ẹni tó máa ṣí ìwé náà ní Japan: kí ló fẹ́ rí níbẹ̀? Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní Broad Street àti ní Marina, láti ayé tẹ́lẹ́ẹ̀sì títí dé ayé ímeèlì. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí mo tẹ̀ fún àwọn ọ̀gá mi pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, mo sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì náà, níbi tí a ti ń gba lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, tí ọ̀gá á kà á tán, tí á sì jù ú sórí tábìlì mi pé kí n fi sí fáìlì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ èyí tó ń wọni lára yàtọ̀ sí èyí tí kì í wọni lára.

Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ṣáájú. Nílé wa, ẹnu nìkan kọ́ la fi ń bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹni tó dé fìlà á ṣí i, a ó mú àgbàlagbà tí ojú ń tì wọ́n láti kọ̀ fún dání, a ó sì jí lọ bá wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ara ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn tán kí ẹnu tó sọ "ẹ má bínú", ìdí nìyẹn tí "ẹ má bínú" fi lè kéré tó bẹ́ẹ̀ kó sì tó. Nígbà tó bá di inú ìwé, kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí àgbàlagbà, kò sí ojú tó rẹ̀ wẹ̀sì. Ni a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí àyè ara. Bí lẹ́tà rẹ ìkẹta ṣe rí nìyẹn. Mo kà á: ibi méje lo ti kọ "tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀" tàbí ohun tó jọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìpínrọ̀ kẹta ni mo sì dé kí n tó rí ọ̀rọ̀ kọ̀ntéénà. Ẹni tó wà ní Japan kò rí ìkúnlẹ̀ kankan nínú méje yẹn. Ìwé gígùn kan ló rí, tí wọn kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú òwe yẹn, láti ìgbà tí mo ti ń fi í ṣiṣẹ́, ni pé dídárúkọ ẹ̀bi gan-an ló ń gbéni dìde. Tí o kò bá tíì dárúkọ rẹ̀, bó o bá kúnlẹ̀ di ọ̀la, àánú lásán lò ń tọrọ.

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí. Mo ṣì kéré nídìí táìpù nígbà yẹn, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta páànù. A ṣèlérí páànù fún obìnrin oníṣòwò kan tó ń kọ́ ilé ìkẹ́rù sí Ẹ̀bùtè Mẹ́tà, kò sì dé lọ́jọ́ tí a dá. Ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà sí i. Mo kọ èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń kọ: a tọrọ àforíjì fún ìnira èyíkéyìí tí ìdádúró yìí lè ti fà fún yín. Lọ́jọ́ kejì, màmá náà gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ wa, ó tẹ́ lẹ́tà náà síwájú mi, ó fi èékánná tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ lu. "Èyíkéyìí." Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ṣé mi ò ti sọ fún yín lórí fóònù? Àpò sìmẹ́ńtì ogójì ni òjò sọ di òkúta mọ́ mi lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ "lè" tó wà níbẹ̀ tún dùn ún ju "èyíkéyìí" lọ, torí ó dà bí ẹni pé a ń ṣiyèméjì bóyá nǹkan kan ṣe é rárá. Mo tún lẹ́tà náà tẹ̀ níṣojú rẹ̀: àpò sìmẹ́ńtì ogójì yín bàjẹ́ nítorí pé páànù tí a ṣèlérí fún ọjọ́ Ajé kò dé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó kà á lórí ìdúró. Kò rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó, ó ní ká wá sọ̀rọ̀ owó. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kí "èyíkéyìí" àti "lè" wọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mi mọ́. Àwọn méjèèjì wà nínú tìrẹ; yọ wọ́n.

Nítorí náà, kó o tó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, lọ wá ohun tí oníbàárà yẹn pàdánù. Ka gbogbo ímeèlì tó ti kọ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn nìkan. Ṣé ilé tí wọ́n ti ń fún epo ni, àbí ilé tí wọ́n ti ń yan yànmọ̀tí? Ṣé ó ti ra ti ẹlòmíràn dípò tiyín? Mo tún fẹ́ kó o wo nǹkan kan tó dà bí ẹni pé ìwọ àti ọ̀gá rẹ fojú kéré. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ fi ṣe orí ọ̀rọ̀, ẹ wá fi àpò mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ bí ẹni rántí nǹkan lójijì. Lóòótọ́, àpò mẹ́fà oníkílò àádọ́ta, 300 kílò ni, nínú ẹrù tó yẹ kó jẹ́ 19,000 kílò. Kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí iye tó wà nínú bill of lading kò bá bá ti ìwé yòókù mu, gbogbo ìwé náà ló di ohun ìfura. Tó bá jẹ́ letter of credit, ìwé tí báńkì oníbàárà fi ṣèlérí owó yín, lẹ fi ń ṣòwò, báńkì kì í wo yànmọ̀tí, ìwé ni wọ́n ń wò. Lábẹ́ UCP 600, òfin letter of credit tí àwọn báńkì ti ń lò láti oṣù keje ọdún 2007, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ni báńkì ní láti yẹ ìwé wò, kó sì sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà. 380 níhìn-ín àti 374 lọ́hùn-ún sì tó láti kọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ á dé lọ́jọ́ kan. Ìwé tó bá lòdì síra wọn lè mú kí ẹrù tó ti dé máa jókòó ní èbúté wọn, kí owó ìdúró máa gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Ní tèmi, àpò mẹ́fà ni kó o fi ṣáájú.

Ẹ tún lọ bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Wọ́n lè tún bill of lading ṣe. Wọ́n á gba owó, wọ́n á sì fẹ́ kí gbogbo ojúlówó tó ti jáde, mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́, padà sọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn, ìlà kan péré nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà ju ìpínrọ̀ ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ohun tó fà á. O kọ ọ́ pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Apápá ni. Mo kọ̀wé padà bi ọ́ bóyá lóòótọ́ ni, inú mi sì dùn pé o sọ òtítọ́ fún mi. O ní tírélà tó kó àpò ọgọ́rin tó kẹ́yìn láti Kánò ló pẹ́. Pé ẹ kò béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera irúgbìn lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò, títí gbogbo ẹrù fi pé. Pé nígbà tí ìwé yẹn fi jáde, ọkọ̀ ti ti ilẹ̀kùn. Àpò mẹ́fà ńkọ́? O ní wọ́n fà ya nígbà tí wọ́n ń kó wọn sínú kọ̀ntéénà, àwọn alábàárù yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó ń kà á kọ 374 sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ tó wà ní ọ́fíìsì ti fún èjẹ́ǹtì ní 380 ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìyẹn gan-an lóhun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ọ̀nà Apápá nínú rẹ̀. Má fi ọ̀nà bojú. Gbogbo ẹni tó bá ń ra ọjà láti Nàìjíríà ló mọ bí wáàfù wa ṣe rí. Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni àwọn aláṣẹ èbúté ti gbé èyí tí wọ́n ń pè ní "Ètò" jáde, èyí tí tírélà fi ń gba àyè kó tó súnmọ́ ibẹ̀. Ohun tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ ọ́n. Tó o bá kọ ọ́, ohun tí oníbàárà á kà níbẹ̀ ni pé ó tún máa ṣẹlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, torí ọ̀nà Apápá kò ní lọ síbì kankan.

Àwọn ará Japan ní àṣà lórí irú lẹ́tà yìí tó yẹ kó o mọ̀. Nínú lẹ́tà ìṣòwò lásán, wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ìgbà kí ara wọn kí wọ́n tó wọ inú ọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, wọ́n máa ń yọ ìkíni yẹn kúrò, wọ́n á wọ inú ẹ̀bẹ̀ tààrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń retí nǹkan méjì: ohun tó fà á, àti ohun tí ẹ ti yí padà kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìkejì yìí ni òpó lẹ́tà náà. "A ó máa ṣọ́ra sí i" kò jẹ́ nǹkan kan níwájú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni kò jẹ́ nǹkan kan níwájú mi. Kọ èyí tí ojú rí: láti ọjọ́ báyìí, a kò ní fi iye àpò ránṣẹ́ sí èjẹ́ǹtì títí ìwé kíkà tí a fọwọ́ sí nídìí kọ̀ntéénà yóò fi dé ọ́fíìsì, a ó sì máa béèrè ìwé ẹ̀rí NAQS nígbà tí ẹrù bá ṣì ń bọ̀ lọ́nà, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá pé. Lọ bi àwọn NAQS fúnra wọn bí wọ́n ṣe lè gbà á lọ́nà bẹ́ẹ̀ kó o tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ yín láti mú ṣẹ burú ju kí ẹ má ṣèlérí lọ, nítorí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, mi ò tíì rí èyí tó ṣiṣẹ́ rí.

Ó kan ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mo sì fẹ́ kí ó ka lẹ́tà náà kó tó jáde. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Pé àpò 374 ló wà níbẹ̀, pé ọkọ̀ gbéra lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí ti sọ ọ́ tán. Tí o kò bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kò sí ẹni tí o fi pa mọ́ fún. Ojú lo kàn ń tì láti sọ ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ohun tó yẹ kí lọ́yà bẹ̀rù ni gbólóhùn bíi "a ó san gbogbo àdánù yín", torí ìyẹn kò ní òpin. Owó ni kó o yà sọ́tọ̀. Jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ dá dúró, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á àti ohun tí ẹ ti ṣe. Kí ọ̀rọ̀ sísan padà wà nínú lẹ́tà mìíràn tí ẹ̀gbọ́n rẹ fúnra rẹ̀ bá yín kọ. Òfin Ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 dáàbò bo ìwé tí a kọ "without prejudice" (pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gba ẹ̀tọ́ ẹni lọ́wọ́ ẹni) sí lórí nígbà tí ẹni méjì bá ń dúnàádúrà láti parí ọ̀rọ̀ láì dé kóòtù. Ibẹ̀ ni gbólóhùn yẹn wúlò. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó sì di ọ̀kọ̀ mú. Ẹ tún wo ìwé àdéhùn yín kí ẹ mọ òfin orílẹ̀-èdè tó wà lórí rẹ̀, torí ó lè má jẹ́ ti wa. Kí ẹ sì wo ìwé adójútòfò yín. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní kí ẹni tó bá ní ìwé wọn má gba ẹ̀bi kan láì kọ́kọ́ sọ fún àwọn.

Tí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ fún wọn ní ẹ̀dínwó, inú mi á dùn, ó sì tọ́. Àpò mẹ́fà tí kò dé, kò yẹ kí wọ́n san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Kí ẹ bá báńkì yín sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí iye tó wà lórí fọ́ọ̀mù NXP, èyí tí ẹ fi sọ iye ọjà yín fún wọn, ni wọ́n ń retí pé kó wọlé látòkè òkun. Bó bá dín, ẹ ní láti ní àlàyé àti ìwé lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀dínwó lórí ẹrù tó ń bọ̀, mo máa ń ṣọ́ra fún un. Ó dára bí oníbàárà bá ti fi hàn pé òun ṣì fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ṣì ń ru, ó dà bíi pé à ń fi ọjà tuntun dí i lẹ́nu.

Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ńkọ́? Ọ̀gá àgbà pátápátá ni, kì í ṣe ìwọ. Mo sọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí a máa ń mú dání lẹ́ẹ̀kan: nínú ìwé, ìfọwọ́sí ló dúró fún un. Lẹ́tà tí akọ̀wé fọwọ́ sí lórúkọ ọ̀gá dà bí ẹni rán ọmọ lọ bẹ àna. Ibi tí ìrẹ̀lẹ̀ tí ọ̀gá rẹ ń wá wà nìyẹn, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Má sì dárúkọ òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ pé òun ló ṣe é, ì báà jẹ́ orúkọ ara rẹ. Ilé-iṣẹ́ ló ṣẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ń bẹ̀bẹ̀.

Bí èmi bá ni mo ń kọ ọ́, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí, kí o wá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́lẹ̀: "A ń kọ̀wé yìí láti tọrọ àforíjì lórí àṣìṣe méjì tí a ṣe lórí ẹrù yín. Bill of lading wa sọ pé àpò 380. Àpò 374 ni a kó sínú kọ̀ntéénà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ọjọ́ àdéhùn sì ni ẹrù náà kúrò l'Apápá. Ọ́fíìsì wa ni àṣìṣe méjèèjì ti wá. Nítorí rẹ̀, ìwé tí ẹ gbà kò bá ẹrù yín mu, ẹrù kò sì tíì dé lọ́wọ́ yín lákòókò tí ẹ fi í sí." Lẹ́yìn èyí, ìpínrọ̀ kan fún ohun tó fà á, ọ̀kan fún ohun tí ẹ ti yí padà pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìlà kan fún ibi tí àtúnṣe bill of lading dé, àti orúkọ ẹnì kan pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó máa gbé. Kí gbogbo rẹ̀ má kọjá ojú ìwé kan. "Ẹ jọ̀ọ́" kan, àforíjì kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí. Ó tó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí fáàsì, tó dà bíi pé ó ń dẹ́rù bà ọ́ jù. Má rò pé wọ́n ń fi ọ́ ṣeré. Títí di òní, fáàsì kò tíì kú ní Japan. Lọ́dún 2021, nígbà tí mínísítà wọn kan, Taro Kono, fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba jáwọ́ nínú rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àtakò ló gbà látọ̀dọ̀ àwọn ọ́fíìsì. Àwa náà lò ó dáadáa. Ilé gogoro NET tó wà ní Marina, èyí tí wọ́n ń pè ní NECOM lónìí, ibẹ̀ ni ọkàn wa máa ń wà nígbà tí ìròyìn bá ní láti dé òkè òkun lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí fáàsì fi dé ọ́fíìsì wa, bébà rẹ̀ ń dán, ó ń ká kò bí ewé gbígbẹ, ó sì ń gbóná díẹ̀ lọ́wọ́. Ooru ló fi ń kọ̀wé, ooru náà ló sì ń pa á rẹ́. Nígbà kan tí èdè àìyedè wà láàárín wa àti ẹni tó ń kó ọjà fún wa, mo sáré lọ sí fáìlì kí n mú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó fi fáàsì kọ sí wa ní ọdún méjì sẹ́yìn jáde. Bébà náà wà níbẹ̀, funfun báláú bí òwú. Orí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù fírífírí. Láti ìgbà náà, fáàsì kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ mi láì ní fọ́tòkọ́pì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ wọn lọ́hùn-ún máa lo bébà gidi, ṣùgbọ́n ìwọ tọ́jú tìrẹ.

Bí fáàsì ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó darí bó o ṣe máa tẹ lẹ́tà náà. Ẹ̀rọ ń sọ ìwé di ìró, ó ń fi ìró náà ránṣẹ́ lórí okùn tẹlifóònù. Bí o kò bá yí i padà, ìlà 98 péré ló ń kà nínú ínṣì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀; bó o bá yan "fine", á di 196. Lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ eérú, àwòrán lábẹ́ ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò di èérí. Lẹ́tà dúdú kìrìbìtì lórí bébà funfun ni kó o lò, kí ó tóbi dé 12 ó kéré tán. Orí ìwé yín tó ní àwọ̀ ewé àti wúrà, má lò ó fún èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́; fi sí ojúlówó. Kí ọ̀gá fi bírò dúdú fọwọ́ sí i. Jọ̀ọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò yín lé orí ìfọwọ́sí. Mo mọ̀ pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́kàn wa níbí, ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀hún, ìfọwọ́sí àti òǹtẹ̀ á ti di ìdọ̀tí dúdú kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o lù ú sí. Fi bébà kan síwájú tó sọ ẹni tó ń lọ bá, ẹni tó ti wá, ọjọ́, àti iye ojú ìwé tó wà níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù. Rántí pé ẹ̀rọ tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò ló máa bọ́ sí, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè kà á. Má kọ nọ́ńbà àkáǹtì kankan síbẹ̀, pàápàá èyí tuntun. Àwọn gbájúẹ̀ ti fi ọ̀nà yẹn jẹ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ run, oníbàárà tó bá gbọ́n á sì fura sí yín lójú ẹsẹ̀.

Níbo ló kù l'Ékòó? Okùn NITEL tí a fi ń ṣe é ti kú. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní ọ́fíìsì yín lè ní ihò fáàsì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n láì sí okùn tẹlifóònù gidi, kò wúlò. Má gbìyànjú láti so ó mọ́ láìnì GSM, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ń fún ohùn pọ̀, èyí tí etí ènìyàn nílò nìkan ló ń fi sílẹ̀, ìró fáàsì á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa gba PDF lọ́wọ́ rẹ, tí wọ́n á bá ọ pe nọ́ńbà náà. Owó rẹ̀ kò pọ̀ fún ojú ìwé méjì. Nọ́ńbà Japan, 81 ló ṣáájú. Òdo tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìlú wọn, yọ ọ́: 03 ti Tokyo á di 81 3. Òdo yẹn ló ń mú kí fáàsì àwọn ènìyàn má lọ. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣáájú wa, kì í sì yí padà láàárín ọdún. Bó o bá fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ṣì bá a nínú ọ́fíìsì. Má fi ránṣẹ́ ní ọ̀sán wa, ilẹ̀ á ti ṣú lọ́dọ̀ wọn, kò sì dára kí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sùn sórí ẹ̀rọ.

Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọn kò ní lọ. Mo ti kọ lẹ́tà tí mo fi gbogbo ọkàn kọ, tí oníbàárà dá wa lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun gbà, tí a kò sì rí i mọ́. Lẹ́tà kò lè dá ọjọ́ mọ́kàndínlógún padà. Bí ẹ bá sì ti pẹ́ láti kọ ọ́, gbogbo ọjọ́ tó ń kọjá ń bu iyì rẹ̀ kù. Nítorí náà má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rán ọ padà lọ kọ ìkarùn-ún. Fi èyí hàn án bó bá pọn dandan, kó mọ̀ pé àgbàlagbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fáàsì bá ti lọ, ìwé kékeré kan á jáde tàbí á wọ ímeèlì rẹ pé ó dé, pẹ̀lú aago àti iye ojú ìwé. Tẹ̀ ẹ́, fi pínnì dè é mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà náà. Kí ọ̀gá pè wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó bi wọ́n bóyá ó ṣe é kà. Kí ojúlówó gba ọ̀dọ̀ kúríà lọ lọ́jọ́ kan náà, kí déètì orí rẹ̀ má yàtọ̀ sí ti fáàsì. Bí wọ́n bá sì ti dáhùn, fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi, ká jọ kà á.